Àjọgbé: kànrìnkànrìn òkun àti àwọn ayálégbé inú rẹ̀

Tí ẹ̀dá méjì tí ìran wọn ò papọ̀ bá ń gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ọ̀kan wà lára èkejì tàbí nínú rẹ̀, àjọgbé nìyẹn. Òun ni ìwé bàọ́lọ́jì ń pè ní symbiosis. Àwọn kan máa ń kọ́ ọmọ pé ó di dandan kí àwọn méjèèjì jèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòmọ́ orí igi kòkó náà ń bá igi gbé, igi nìkan ló sì ń jìyà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ wa jìnnà díẹ̀. Okun tí a fi ń kíra wa láti Kàbà dé Ìsánlú kì í ṣe òkun oníyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kànrìnkànrìn tí a fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń rà lọ́jà, tí wọ́n bó lára igi. Ẹranko ni ti inú òkun. Kò lójú, kò lọ́kàn, kò nífun, tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ àpáta, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Asẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀. Omi ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ wọlé, á gba ọ̀nà tóóró dé àwọn yàrá kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì onípàṣán tò sí. Àwọn ni wọ́n ń fi pàṣán wọn ti omi síwájú, tí wọ́n sì ń mú ohun jíjẹ inú rẹ̀. Omi tí wọ́n ti sẹ́ tán á gba ihò ńlá jáde. Kànrìnkànrìn tó wọn kìlógíráàmù 1 lè fa omi tó 24,000 lítà lóòjọ́, ìyẹn ju tánkà 2 lọ tí tánkà kan bá ń gba 10,000 lítà.

Bakitéríà wà lára ohun tó ń jẹ jù nínú omi yẹn. Síbẹ̀ bakitéríà ló kún inú rẹ̀. Láàárín awọ òde àti àwọn yàrá náà ni ẹran rírọ̀ kan wà, ó dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ibẹ̀ ni àwọn ayálégbé wà. Nínú àwọn oríṣi tí wọ́n pọ̀ sí, gíráàmù 1 lè ní láti mílíọ̀nù 100 dé bílíọ̀nù 10, wọ́n sì lè tó bí ìdá 35 nínú 100 gbogbo ara ẹranko náà. Àwọn oríṣi míì wà tí bakitéríà inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi tó yí wọn ká lọ, nítorí náà ẹ má ka gbogbo kànrìnkànrìn sí ọ̀kan náà.

Kí ló dé tí onílé kì í fi jẹ ayálégbé? Àwọn kan nínú wọn ń ṣe pùrótéènì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó gbé wọn mì lè dà wọ́n. Àwọn olùwádìí fi irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀ sínú bakitéríà mìíràn, wọ́n fún àmíbà, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń gbé bakitéríà mì. Àmíbà gbé e mì, àmọ́ kò rí i dà bó ṣe yẹ. Àwọn ayálégbé míì kò tilẹ̀ ti inú omi wọlé. Ìyá ló dì wọ́n fún ọmọ láti inú ẹyin, bí a ṣe ń di ẹrù fún ìyàwó tuntun.

Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san owó ilé. Amóníà, èyí tó máa ń ta sí ni nímú nínú ilé adìẹ tí wọn ò gbá, ni ẹ̀gbin tó ń jáde lára kànrìnkànrìn. Ó lóró. Ọ̀wọ́ kan á fi ọ́síjìn sọ ọ́ di nitrite, ọ̀wọ́ kejì á sọ ìyẹn di nitrate, wọ́n sì ń rí agbára tiwọn níbẹ̀. Tí kànrìnkànrìn bá dáwọ́ fífa omi dúró, ọ́síjìn á tán nínú rẹ̀ láìpẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀wọ́ kẹta tí kò nílò ọ́síjìn á sọ nitrate di afẹ́fẹ́ náítírójìn lásán. Nítòsí awọ, níbi tí oòrùn dé, bakitéríà mìíràn ń se ṣúgà bí ewé, ó ń fún onílé jẹ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣíji bo irú kànrìnkànrìn bẹ́ẹ̀, á rù.

Ooru ló ń tú ilé yìí ká. Wọ́n dán an wò lára Rhopaloeides odorabile, oríṣi kànrìnkànrìn kan ní Ọsirélíà: ní 31°C, kò sí nǹkan; ní 33°C, àwọn ayálégbé tú ká, ara rẹ̀ ń jẹrà. Ní Lọ́kọ́ja, 33 ò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ wá abẹ̀bẹ̀. Kí jíjẹrà náà tó hàn síta, oúnjẹ tí wọ́n ń fún ara wọn ti dàrú nínú.

Àwọn tó ń wá oògùn náà ti ń wo ayálégbé báyìí. Ní 2014 ni wọ́n fi hàn pé Entotheonella, bakitéríà inú Theonella swinhoei ti Japan, ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èròjà alágbára tí wọ́n ti ń kà sí ti kànrìnkànrìn náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í gbà láti hù nínú àwo yàrá ìwádìí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí àjọgbé láìdé etí òkun, kó wọ oko ẹ̀wà ní Ìjùmú tàbí Bùnú, nígbà tó bá ń yọ òdòdó. Ẹ má fà á tu, kókó ara gbòǹgbò á já sínú ilẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ yí ká, kó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ jìnnà sí ìdí rẹ̀, ẹ rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kí yẹ̀pẹ̀ rọra ṣí kúrò, ẹ wá fi bíléèdì la kókó kan. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, bakitéríà ibẹ̀ ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà. Tó bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá ti di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Tí kókó ò bá sì tó nǹkan lórí ilẹ̀ tí wọ́n da yùríà sí dáadáa, ajílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ̀wà tó ti rí náítírójìn jẹ nínú ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́lé fún bakitéríà.