Nígbà tí àpò omi iwájú orúnkún bá wú

Ẹni tó ń fi lílẹ táìsì jẹun lè wà lórí ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Á lẹ ọ̀kan, á fi orúnkún wọ́ síwájú lórí sìmẹ́ǹtì, á tún lẹ òmíràn. Lọ́jọ́ kan, á jí, á rí i pé iwájú orúnkún òun ti wú róbótó, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ọ̀pọ̀ á ní làkúrègbé ni. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ bursitis, ìyẹn wíwú àpò omi tó ń jẹ́ bursa.

Bursa ni àpò pẹlẹbẹ kékeré tó wà níbi tí awọ tàbí iṣan ti ń yí lórí egungun: èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ìbàdí, orúnkún, ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Wọ́n lé ní 100 lára ènìyàn kan ṣoṣo. Omi díẹ̀ tó ń yọ̀ bí omi ẹyin tútù ló wà nínú wọn, kí iṣan àti egungun má baà máa ha ara wọn. Bí a bá ń tẹ àpò yìí ní àtẹ̀jù, ògiri rẹ̀ á nípọn, á sì máa sun omi ju bó ṣe yẹ lọ. Omi yìí ló ń wú. Ibi tí egungun ti pàdé egungun sábà máa ń wà ní àlàáfíà, ìdí nìyẹn tí ẹni náà fi ń rìn, àmọ́ tí ìkúnlẹ̀ di ìṣòro.

Kí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́ kúrò ni ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá fóòmù tó nípọn sábẹ́ orúnkún. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, máa ń dín ìrora kù. Ibuprofen náà ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá. Èyí tó pọ̀ jù ń lọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí tó léwu ni èyí tí kòkòrò àrùn bá wọ̀. Abẹ́ awọ gan-an ni àpò orúnkún àti ti ìgbọ̀nwọ́ wà, ojú egbò kékeré sì tó fún kòkòrò láti wọlé. Pípọ́n kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí a fi kan orúnkún méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí èyí tó wú bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ló wà níbẹ̀ tàbí ohun wínníwínní bí iyọ̀ tó ń fa gout, ìyẹn irú àrùn oríkèé kan.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sójú wíwú yìí, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un nílé: ọ̀nà ló ń là fún kòkòrò. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ lò ó tán, kódà bí orúnkún bá ti rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.