Ẹ̀rọ BP tó wọ́n jù kọ́ ló ń sọ òótọ́ jù

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fi wọn ìfúnpá rẹ̀ nílé, ojú ẹ̀rọ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ṣé ó fẹ̀? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó lè fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù? Lẹ́yìn náà ló máa béèrè iye owó, nítorí ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé èyí tó bá wọ́n jù ni nọ́ńbà rẹ̀ á péye jù. Mo ti gbọ́ ọ léraléra, wọn a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bluetooth kì í wọn ìfúnpá. Aṣọ tí à ń wé mọ́ apá ló wà nídìí iṣẹ́ náà, òun gan-an la kì í sì béèrè nípa rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Afẹ́fẹ́ á wọ inú aṣọ, aṣọ á fún apá títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní ráyè kọjá nínú iṣan ńlá tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wá ọ̀nà kọjá, iṣan á máa lù kì-kì-kì, gbígbọ̀n kékeré yẹn á sì gba inú aṣọ dé inú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ ń rí. Ibi tí gbígbọ̀n náà ti le jù ló ń rí, á wá fi ìṣirò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó sínú rẹ̀ fa méjèèjì yọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀, àṣírí ni wọ́n sì máa ń fi ṣe. Abájọ tí ẹ̀rọ méjì ò fi ní fẹnu kò lórí apá kan ṣoṣo.

Bí aṣọ bá wá kéré ju apá lọ, ó di dandan kó fún un kíkankíkan kó tó lè dí iṣan yẹn, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tóbi jù, nọ́ńbà á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Aṣọ tí Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, lò sára ẹ̀rọ tó ṣe lọ́dún 1896 kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Nígbà tó di 1901, von Recklinghausen ará Jámánì fi hàn pé bó ṣe rí tóóró ló ń gbé nọ́ńbà sókè, ó sì lo èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Láìpẹ́ yìí, ní 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde: nígbà tí wọ́n fi aṣọ ìwọ̀n gbogboogbò wọn ìfúnpá àwọn tó yẹ kí wọ́n lo èyí tó tóbi jù lọ, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bíi 19.5 lé. Ẹni tó yẹ kó rí 125 á rí 144. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ara rẹ̀ ò béèrè fún.

Nítorí náà, téèpù aránṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ wálẹ̀, ẹ wá agbedeméjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ yí téèpù po ibẹ̀ láìfún un. Ẹ kọ sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n apá tí ẹ̀rọ gbà sára páálí tàbí sára aṣọ fúnra rẹ̀; 22 sí 32 wọ́pọ̀. Bí apá yín bá jẹ́ 36, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tiyín, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é, àfi bí ilé iṣẹ́ náà bá ń ta aṣọ ńlá rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má sì lọ yá aṣọ ẹ̀rọ mìíràn, torí aṣọ tirẹ̀ nìkan ni ìṣirò inú ẹ̀rọ mọ̀.

Ohun tó kù láti wádìí ni bóyá wọ́n ti dán mọ́dẹ́ẹ̀lì náà wò. Pé wọ́n gbà á láàyè lórí àtẹ kò túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò. Ìlànà àgbáyé fún dídán irú ẹ̀rọ yìí wò, ISO 81060-2, ní kí wọ́n lò ó fún ó kéré tán ènìyàn 85, kí wọ́n fi wé ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ gbọ́ nínú ohun èlò tí dókítà ń fi sétí. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, tí wọ́n bá dá a jọ pín in dọ́gba, kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. STRIDE BP, àjọ àwọn onímọ̀ nípa ìfúnpá, ní orúkọ àwọn tó yege lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ wá, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan. Ẹ ó rí ẹ̀rọ owó pọ́ọ́kú níbẹ̀, ẹ ó sì wá olówó gọbọi kan tì. Aláboyún ní láti wá èyí tí wọ́n dán wò fún aláboyún.

Ẹ̀rọ tí à ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Bí ọwọ́ ò bá wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, sẹ̀ǹtímítà 10 péré nísàlẹ̀ lè fi nǹkan bíi 7 tàbí 8 kún nọ́ńbà. Èmi ò ní rà á, àyàfi tí apá ò bá gba aṣọ kankan.

Bí ẹ bá sì ti ní ẹ̀rọ nílé tẹ́lẹ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi tiyín àti tiwọn wọn apá kan náà, ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5.