Fífún Àárín Etí ní Afẹ́fẹ́

Fífún àárín etí ní afẹ́fẹ́ ni ìtọ́jú tí wọ́n fi ń dá afẹ́fẹ́ padà sí ẹ̀yìn ìlù etí nígbà tí ọ̀nà tí ó ń gbà débẹ̀ bá dí tàbí tí kò ṣí dáadáa mọ́. Èyí tí a mọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọ̀pá kékeré oníhò tí oníṣẹ́ abẹ máa ń fi há inú ìlù etí. Ní èdè Faransé, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń pè é ní yoyo tàbí diabolo nítorí bí ó ṣe rí: ìkángun rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àárín rẹ̀ sún kì.

Àárín etí dà bí iyàrá kékeré kan. Ìlù etí ni ògiri rẹ̀ níta, egungun mẹ́ta tín-ín-tìn-ìn-tín tó so kọ́ra ló sì ń gbé ìró kọjá nínú rẹ̀. Kí ìlù náà tó lè gbọ̀n bó ṣe yẹ, agbára afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ẹ̀yìn náà ni ihò tóóró tó ti ẹ̀yìn imú lọ sí etí, tí wọ́n fi orúkọ Bartolomeo Eustachi, onímọ̀ ẹ̀yà ara ọmọ Ítálì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, pè. Títì ló máa ń wà. Ìgbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán ló ń ṣí díẹ̀. Ti ọmọdé kúrú ju ti àgbà lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, ìdí nìyẹn tí ọ̀fìnkìn fi ń tètè dí i. Ẹran tó ń wú lẹ́yìn imú ọmọdé náà lè dí i, èéfín igi ìdáná àti ti sìgá sì ń dá kún un.

Bí ọ̀nà náà bá dí, ara á máa fa afẹ́fẹ́ tó kù nínú àárín etí gbẹ. Ìlù etí á sún wọnú, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára awọ ibẹ̀, nígbà tó bá sì pẹ́ omi náà lè ki bí àtè. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dun ọmọ, kò sì sí ohun tó ń ṣàn jáde, nítorí náà ó rọrùn fún ará ilé láti má mọ̀. Ọmọ náà á gbọ́ bí ìyá rẹ̀ bá kígbe pè é láti ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ó lè má gbọ́ bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé ó ń gbọ́ nígbà mìíràn, wọ́n á ní aletílápá ni, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ nà án. Kò tọ́ sí i rárá. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọmọ kan lè sọ Yorùbá nílé, kí ó gbọ́ Gùn lójú pópó, kí ó sì fi Faransé kàwé, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àìgbọ́ yìí ń bá jà.

Ìrísí kejì tí àìsàn àárín etí máa ń ní ni etí tó ń ṣọyún. Níbẹ̀, ìlù etí ti lu, ohun tó ń rùn sì ń ṣàn gba ojú ihò náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láàárín mílíọ̀nù 65 àti mílíọ̀nù 330 ènìyàn ló ní irú etí bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Kì í ṣe nǹkan tó yẹ kí a máa retí pé ọmọ á dàgbà kúrò nínú rẹ̀: àìsàn náà lè jẹ egungun ẹ̀yìn etí, ó sì lè dé ọpọlọ.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni etí ń wá. Antonio Valsalva, ọmọ Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1704 bí ènìyàn ṣe lè di imú àti ẹnu kí ó sì fi ipá mí síta kí afẹ́fẹ́ lè wọ etí. Ní London ní 1801, Astley Cooper ròyìn bí òun ṣe lu ìlù etí àwọn adití kan tí wọ́n sì gbọ́ràn padà, ṣùgbọ́n ìlù etí a máa san fúnra rẹ̀ kíákíá, ihò náà sì ń dí. Ní 1863, Adam Politzer ní Vienna fi àpò rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú aláìsàn bó ti ń gbé omi mì. Lílu ihò kò ṣòro. Kí ihò má dí ni iṣẹ́. Ọdún 1954 ni Beverly Armstrong, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn nípa ọ̀pá oníke tó fi há ojú ihò náà jáde, ọ̀nà yẹn sì tàn káàkiri.

Lónìí, bí omi bá wà lẹ́yìn ìlù etí láìsí ewu mìíràn, dókítà sábà máa ń dúró fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù ń lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti tó òye lè máa fi ihò imú kan fẹ́ bàlúùnù ní àsìkò yìí kí afẹ́fẹ́ lè wọ etí. Bí kò bá lọ, tí ìgbọ́ràn sì ń dín kù, wọ́n á kun ọmọ lóorun, wọ́n á fi ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi wo etí rẹ̀, wọ́n á gé ìlù náà díẹ̀, wọ́n á fa omi jáde, wọ́n á sì fi ọ̀pá sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọ̀pá náà sábà máa ń wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, lẹ́yìn náà ìlù etí fúnra rẹ̀ á tì í jáde. Irú ọ̀pá tó ní apá méjì tó nà sẹ́yìn ìlù etí máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ihò tí kò dí mọ́ wọ́pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Etí tún lè ṣàn gba inú ọ̀pá. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sí etí ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn.

Etí tó ti ń ṣọyún ń fẹ́ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òwú mímọ́ nù ún gbẹ, wọ́n á kán oògùn sí i títí yóò fi dáwọ́ ṣíṣàn dúró, kí wọ́n tó lè lẹ awọ mọ́ ojú ihò náà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣì ṣe pàtàkì níbí, torí pé bí ihò tó lọ sí imú kò bá ṣiṣẹ́, awọ tuntun náà lè tún sún wọnú. Òróró, omi ọmú tàbí omi ewé tí wọ́n ń rọ sí irú etí yìí ń gba ihò wọlé tààrà. Ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń ro etí sì lè kó ìdọ̀tí wọlé tàbí kí ó gún ìlù náà.

Ní Bẹ̀nẹ̀, Kútọnu ni àwọn onímọ̀ etí, imú àti ọ̀fun pọ̀ sí jù, ẹ̀ka wọn sì wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbẹ̀, CNHU Hubert Koutoukou Maga. Láti Àjàṣẹ́, ìrìn àjò bí ọgbọ̀n kìlómítà ni. Láti Kétu ó jìnnà ju ìyẹn lọ dáadáa, láti Ṣábẹ ó lé ní 200 kìlómítà. Ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìpinnu, torí pé iṣẹ́ abẹ náà kò parí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é: dókítà ní láti máa wo ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi jáde. Ọmọ tó ní i lára lè wẹ̀ nílé bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má mòòkùn nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ tàbí nínú odò. Bí ọ̀pá náà bá ti jáde, wọ́n á tún wọn ìgbọ́ràn rẹ̀, torí pé ní àwọn ọmọ kan omi náà ń padà, a sì ní láti fi ọ̀pá mìíràn sí i.