Amọ̀ Tó Ń Ṣàn: Kò Yọ́, Ńṣe Ló Ń Yọ̀

Bí èèyàn bá rí amọ̀ tó ń ṣàn nínú ìgò bí oyin, láìsí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti yọ́ ọ. Rárá o. Iná amọ̀kòkò pàápàá kì í sọ amọ̀ di omi, líle ló ń mú kó le sí i. Gbogbo wóró amọ̀ inú ìgò yẹn ṣì le gbagidi. Wọn kò yọ́, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá ẹlẹ́ja rí mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹja àrọ̀ kún bàsíà, ìyá da omi rẹ̀ nù, síbẹ̀ àwọn ẹja ń yọ̀ gba ara wọn kọjá, tìsàlẹ̀ ń bọ́ sókè. Eegun wọn kò rọ̀. Ohun yíyọ̀ tó bo ara kálukú ló ń ṣiṣẹ́ omi. Kí ìyá bu iyọ̀, kó fi bó o kúrò, ẹja á dúró lọ́wọ́.

Ẹ wo amọ̀ attapulgite, tó gba orúkọ lára ìlú Attapulgus ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Wóró rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, ó sì tín-ín-rín débi pé irun orí kan fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bó bá gbẹ lásán, á lẹ̀ mọ́ra di ògúlùtu. Aṣọ méjì ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Ti àkọ́kọ́ ni kẹ́míkà silane, tó so mọ́ ara amọ̀ pinpin, tí orí rẹ̀ sì ní agbára iná pósítíìfù. Èkejì ní ìrù gígùn, ìbátan kẹ́míkà inú ọṣẹ olómi ni, ẹnu rẹ̀ kan sì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Bí aṣọ méjèèjì bá pàdé, iyọ̀ máa ń jáde; wọ́n á fọ iyọ̀ náà dànù, wọ́n á gbẹ omi rẹ̀ tán pátápátá. Ohun tó kù ló ń ṣàn.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà gan-an nìyí: wọn kò ta aṣọ kejì ní kókó. Agbára iná nìkan ló fà á mọ́ra, nítorí náà ó lè fò láti ara abẹ́rẹ́ kan bọ́ sára èkejì, bí ohun yíyọ̀ ara ẹja ṣe ń ra ẹja ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògì tá a pò á tòrò sísàlẹ̀, omidùn á lé sókè. Èyí kò ní omidùn tó máa lé, nítorí wóró kọ̀ọ̀kan ló gbé omi tirẹ̀ sára. Kì í gbẹ, kì í sì í rú èéfín kẹ́míkà. Emmanuel Giannelis àti Athanasios Bourlinos ní Yunifásítì Cornell wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí, wọ́n sì tẹ ìwádìí jáde lé e lórí lọ́dún 2005.

Àléébù rẹ̀ ni pé aṣọ sábà máa ń wúwo ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Amọ̀ kò wọ́n, aṣọ ló wọ́n. Bí wọ́n bá sì dín aṣọ kù jù, á padà di ìyẹ̀fun. Nínú òtútù, ìrù wọ̀nyẹn á dì bí òróró nígbà ọyẹ́. Gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tún máa ṣàn, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.