Yíyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, bó ti rí jákèjádò Nàìjíríà: èsì ìwé mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ WAEC tàbí NECO, máàkì ìdánwò JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí a mọ̀ sí Post-UTME. Fún àwọn ẹ̀ka tí èrò ń wọ́ tọ̀, bí ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìpoògùn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mú ní SS1 ló sábà máa ń pinnu ibi tí apá rẹ̀ yóò ká, kí ọ̀rọ̀ máàkì tó délẹ̀ rárá.

Àyè kò pọ̀ ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí. Àjọ MDCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àkóso ẹ̀kọ́ òfin náà ń fi gbèdéke sí ti lọ́yà.

Ìpinnu SS1

Lẹ́yìn ìdánwò JSS3 ni wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ sí sáyẹ́ǹsì, àátì àti kọmásà. Olùkọ́ máa ń wo èsì, pàápàá ti Ìṣirò. Òbí náà máa ń dá sí i, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n tari ọmọ sí sáyẹ́ǹsì nítorí orúkọ dókítà.

Kírédíìtì (èsì A1 sí C6) márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì máa ń wà nínú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka tí à ń sọ yìí. Ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì (ìyẹn, èsì ìgbà kan tàbí ti ìgbà méjì tí a pa pọ̀) ni wọ́n máa ń gbà, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í gba ju ìjókòó kan lọ, pàápàá fún ìṣègùn. Ẹni tó ń lọ sí ìṣègùn, nọ́ọ̀sì tàbí ìpoògùn nílò Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ọmọ tó bá tún ṣe Further Mathematics yóò rí ìrọ̀rùn ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka òfin ń béèrè kírédíìtì Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọmọ sáyẹ́ǹsì tó bá yí ọkàn padà ní SS3.

Ìdánwò ìṣe ni kò yẹ kí a fojú kéré. Nínú ti Kẹ́mísìrì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rọ ásíìdì sínú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní àmì ìwọ̀n, yóò fi pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí a fi ń wọn omi, wọn álíkálì sínú ìgò, yóò kán methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà, díẹ̀ sí i, yóò sì máa jò ásíìdì náà sí i títí àwọ̀ yóò fi kúrò ní yẹ́lò sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lè ba ìwọ̀n náà jẹ́. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì rí títí di ọjọ́ ìdánwò kò lè kọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí yàrá ìṣe ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe rí jẹ́ ohun tó yẹ kí òbí yẹ̀ wò kí ọmọ tó mú sáyẹ́ǹsì.

Ìdánwò JAMB

Ọdún 1978 ni wọ́n dá JAMB sílẹ̀. Láti 2015 ni ìdánwò náà ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni: Gẹ̀ẹ́sì di dandan, mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀ka tí ọmọ yàn mu. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn yòókù ní 40 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ máàkì jẹ́ 400. Àwọn ìbéèrè kan nínú Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá láti inú ìwé ìtàn kan tí àjọ náà yàn.

Níbí ni àṣìṣe tó ń dunni jù ti máa ń wáyé. Nítorí pé Ìṣirò jẹ́ dandan ní WAEC, àwọn kan a fi í sínú mẹ́rin tí wọn yóò ṣe ní JAMB fún ìṣègùn, wọn a sì yọ Báyọ́lọ́jì. Bí ọmọ náà tilẹ̀ gba 300, ẹ̀ka ìṣègùn kò ní gbà á. Ẹni tó fi Báyọ́lọ́jì dípò Ìṣirò fún ìmọ̀ ẹ̀rọ wà nínú ewu kan náà. Ìlànà kan wà fún yíyí ẹ̀ka padà lẹ́yìn ìdánwò, ṣùgbọ́n sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí a ti ṣe kò ṣe é pààrọ̀. Fún àwọn ọmọ àátì, Èdè Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n lè mú. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé ìlànà JAMB bóyá ẹ̀ka tí wọ́n ń lọ gbà á.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n á yẹ ìka ọwọ́ wò, fóònù àti aago ọwọ́ kì í wọlé. Bọ́tìnnì mẹ́jọ tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ìparí padà. Èsì JAMB kì í wúlò ju ọdún kan lọ.

Post-UTME

Post-UTME bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìjọba àpapọ̀ dá a dúró ní 2016, ó sì padà wá lẹ́yìn náà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọn a fi 2 pín ti Post-UTME, wọn a sì ro méjèèjì pọ̀: ẹni tó gba 280 àti 64 yóò ní 35 àti 32, àpapọ̀ 67. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Yunifásítì Èkó, èsì ìwé mẹ́wàá tún ní ìpín tirẹ̀, nítorí náà A1 àti C6 kì í ṣe ọgbọọgba níbẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tún ní àyè fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, Ògùn sì wà lára ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Àwọn yunifásítì àdúgbò

Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, ti ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wà ní Ṣàgámù, ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Ìbógun, lẹ́yìn òde Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Babcock ní Ìlíṣàn, tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀ ní 1999, náà ní ìṣègùn àti òfin. Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun, ti 2005, jẹ́ ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Direct Entry

Ẹni tó ní A Level, JUPEB tàbí IJMB (ìdánwò ìpele A Level ti Nàìjíríà), NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) tàbí ND (ìwé ẹ̀rí ti pólì) lè wọ ọdún kejì láìṣe ìdánwò JAMB, àmọ́ yóò gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ àjọ náà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ìṣègùn ló ń gba NCE tàbí ND.