Àpáta dídà: bí òkè Ṣábẹ̀ ṣe lè dúró lórí tábìlì

Tẹ́ ẹ bá wọ yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣábẹ̀ níbí, ẹ máa bá tábìlì gígùn kan, ojú irin kékeré la orí ẹ̀ já, ọkọ̀ rélùwéè kékeré ń sáré lórí ẹ̀, òkè dúdú méjì sì dúró tì í. Kò sẹ́ni tó máa wọbẹ̀ tí ò ní kọ́kọ́ na ọwọ́ kan òkè yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ru òkúta yìí wọlé?" Tí mo bá ní kìí ṣòkúta, plâtre ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dì í fún ẹni tó bá kán lẹ́sẹ̀ lọ́sibítù, wọn ò ní gbà, wọ́n á tún fi èékánná ha á wò. Iṣẹ́ yẹn lórúkọ o, lédè Faransé wọ́n ń pè é ní moulage de rochers, èmi ń pè é ní àpáta dídà torí pé dídà la dà á, bí wọ́n ṣe ń da idẹ. Àwọn tó ń bi mí léèrè ti wá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Plâtre lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní POP, òun ni wọ́n fi ń ṣe àjà ilé olówó. Òkúta kan ló ti wá, gypse lorúkọ ẹ̀, omi sì wà nínú òkúta yẹn, kìí ṣe omi tẹ́ ẹ lè fún jáde o, ó ti wọra òkúta náà, wọ́n ti di ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá lọ̀ ọ́ tí wọ́n yan án lórí iná tó tó nǹkan bíi 150 degree, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á fò lọ, ìyẹ̀fun funfun báláú ló máa ṣẹ́ kù. Òkè Montmartre ní Paris ni wọ́n ti ń wa gypse yìí láyé àtijọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní plâtre de Paris títí dòní. Ìyẹ̀fun yìí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ fún un lómi báyìí, á gba iye tó sọnù padà, á tún di gypse, àwọn ẹyọ tíntìntín tó rí bí abẹ́rẹ́ á máa hù nínú ẹ̀, wọ́n á wọnú ara wọn bí ẹ̀gún, ló bá le. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ń gbé e sóòrùn kó lè tètè le jà. Oòrùn ò kàn án. Omi tó mu ló fi le, gbígbẹ ẹ̀ ọ̀tọ̀, ìyẹn lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ó sì máa ń gbóná bó ṣe ń dì, tó bá pọ̀ lójú kan ó lè jóni gan-an, ẹ má ki ọwọ́ bọ inú abọ́ plâtre pé ẹ fẹ́ mú àwòrán ọwọ́ yín o, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé ṣe é.

Ó yá, báwo ni plâtre ìkúùkù kan ṣe wá ń di òkè? Nnkan tó wà níbẹ̀ ni pé òkúta kìí sọ bó ṣe tóbi tó. Igi ń sọ, ewé ẹ̀ la fi ń mọ̀. Ilé ń sọ, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀. Òkúta ò ní ilẹ̀kùn. Ẹ mú òkúta kan tó tó ìkúùkù yín, ẹ sún fóònù mọ́ ọn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí koríko tàbí ọwọ́ hàn nínú fọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ wá fi han ẹlòmíì, á ní "òkè wo nìyí?" Àwọn onímọ̀ òkúta gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń gbé òòlù tàbí bíìkì tì í kí wọ́n tó ya fọ́tò, kẹ́ni tó ń wò ó má baà ṣì í. Àwa tó ń ṣe tábìlì, ẹ̀tàn yẹn gan-an là ń jẹ.

Ìwọ̀n tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni HO, ìyẹn 1:87, ohun tó bá gùn ní 87 cm lóde, 1 cm ni lórí tábìlì, ẹni tó ga ní 1,74 m á di 2 cm péré. Réèlì OCBN (ilé iṣẹ́ rélùwéè Benin àti Niger) tó gba ìlú wa kọjá, láti Kútọnù lọ sí Parakou, 438 km, mítà kan ló wà láàárín irin méjèèjì, tẹ́ ẹ bá fi 87 pín in ẹ máa rí 11 mm àti ààbọ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré sọ ọ́ di 12 mm, wọ́n ń pè é ní HOm. Òkè tó bá ga ní 80 m, 92 cm ló yẹ kó jẹ́ lórí tábìlì, àmọ́ mo níyàwó nílé, mi ò lè gbé irú ẹ̀ wọ yàrá, ìdajì ni mo ṣe, kò sì tíì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti ṣubú o. Mọ́ọ̀lù wà tí wọ́n ń tà, rọ́bà ni, bí irin tí wọ́n fi ń mọ bíríkì, ẹ kàn máa da plâtre sínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́, ó ti tán. Mo ní kí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé rà á wá. Mo dà á, mo kùn ún, ó rẹwà, inú mi dùn. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ládùúgbò wá kí wa, ó wò ó títí, ó ní "Ọmọ mi, òkè ibo nìyí?" Mo ní òkè wa ni, Bàbá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní "Òkè wa ò léyín."

Òótọ́ sì ni. Àpáta ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi mú mọ́ọ̀lù yẹn, ó ní ṣónṣó, ó ní ìgun, ó pín pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìwé tí wọ́n tò léra. Granite ni òkè Ṣábẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ táwọn Faransé sọ ọ́, mamelles, ọmú, ojú ló fi hàn wọ́n. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni granite ti di granite, ẹrù ilẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, ìgbà tí ilẹ̀ yẹn wá ṣàn lọ ara tù ú, ó wú díẹ̀, ó sán, ó wá ń bó ní ìpele ìpele bí alùbọ́sà, èyí tó bó á já bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó kù á tún rí roboto. Ìyẹn ni wọn ò fi léyín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe mọ́ọ̀lù ara mi.

Ẹsẹ̀ òkè ni mo ti ń ṣa òkúta, èyí tí ara ẹ̀ yọ̀, tó ní ojú sísán kan tàbí méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹra fún èyí tí hóró inú ẹ̀ tóbi. Hóró tó bá tó 5 mm, lórí tábìlì mi ó ti di nǹkan tó ju 40 cm lọ, ta ló ti rí granite tí hóró ẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀ rí? Ẹ fọ òkúta yẹn dáadáa, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì pa látẹ́ẹ̀sì sí i lára, ìyẹn oje rọ́bà olómi, Kútọnù ni mo ti ń rà á. Ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kó lè wọnú gbogbo ihò, kó gbẹ, ẹ tún pa òmíràn, ó kéré tán kó tó márùn-ún mẹ́fà, láàárín ẹ̀ ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ há a kó má baà fàya. Tó bá gbẹ tán ẹ bó o bí ẹni bó awọ ewúrẹ́. Ẹni tí ò bá rí látẹ́ẹ̀sì rà, kó mú papier alu tí wọ́n fi ń wé ẹja, kó rún un, kó tún un tẹ́ díẹ̀, kó da plâtre sí i, òkè tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ní ìgun jù fún Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹ̀gbẹ́ ojú irin níbi tí wọ́n ti gẹ́ ilẹ̀, kò burú rárá.

Dídà fúnra ẹ̀ ò le. Tongolo (abọ́ ìwọ̀n) plâtre méjì sí tongolo omi kan, bẹ́ẹ̀ ni. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ abọ́, ẹ wá máa fọ́n plâtre lé e lórí bí ẹni fọ́n gàrí sómi, ẹ jẹ́ kó rì fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá da omi lé plâtre lórí ó máa di kókó. Ẹ rò ó pẹ̀lẹ́, kó ki bí ògì tí a fẹ́ mu. Ríròjù máa ń kó afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀, ó sì tún ń mú kó tètè dì. Iyọ̀ náà ń mú un yá, fínígà ń dá a dúró, èérún plâtre àná tó bá kù lára abọ́ burú ju iyọ̀ lọ, mo ti pàdánù odindi abọ́ kan nítorí pé mi ò fọ abọ́ àná. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ ra inú mọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó dà á. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da èyí tó kù sójú ọ̀nà omi ilé, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló máa dì sí.

Àsìkò tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tó bá dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, tó ti di ara ẹ̀ mú àmọ́ tó ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn lẹ máa gbé mọ́ọ̀lù tòun ti plâtre inú ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òkè, á tẹ̀ lé bí òkè náà ṣe yí. Òkè tí mo ń wí, egungun ẹ̀ páálí àti ìwé ìròyìn tí mo rún ni, awọ ẹ̀ sì ni báńdéèjì oníplâtre tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ẹ rì í sómi, ẹ tẹ́ ẹ lé e, bíi ti ẹsẹ̀ tó kán gan-an. Ẹ wọ́n omi sí awọ yẹn kẹ́ ẹ tó lẹ àpáta mọ́ ọn o. Tó bá gbẹ, á mu omi inú plâtre tuntun tán kó tó ráyè le, lọ́la gbogbo ẹ̀ á já bọ́. Ibi tí méjì ti pàdé, ẹ fi plâtre dí i, ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kí ojú oríkèé má hàn.

Kíkùn wá ni èmi fẹ́ràn jù. Ọ̀dà ara ilé ò wúlò níbí, ó nípọn, á dí gbogbo ihò tẹ́ ẹ ti ń ṣe wàhálà lé lórí. Omi ọ̀dà là ń lò. Ṣíbí acrylique, ìyẹn ọ̀dà tó ń pò mọ́ omi, kan sí nǹkan bíi ṣíbí omi 16, plâtre tí òùngbẹ ń gbẹ á fà á mu lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ni mo ń pò: pupa rúsúrúsú bí ilẹ̀ amọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tó dú díẹ̀, àti dúdú. Ẹ máa tọ àkọ́kọ́ síbí, sọ́hùn-ún, kó bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ tọ ìkejì sáàárín ẹ̀, ẹ fi funfun sílẹ̀ níbòmíì. Tí ẹnikẹ́ni bá wọlé lásìkò yìí á ní ẹ ti ba nǹkan jẹ́, torí ara ẹkùn gẹ́lẹ́ ló máa jọ, àwọn òyìnbó náà orúkọ ẹkùn ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà yìí. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wá da omi dúdú tó fẹ́lẹ́ lé gbogbo ẹ̀ lórí látòkè délẹ̀, á wọ inú gbogbo sísán, á pa àmì ẹkùn yẹn pọ̀, lójijì ẹ máa rí òkúta. Ara mi máa ń bù máṣọ níbẹ̀ títí dòní. Ó máa dú jù lójú yín torí pé ó tutù, ẹ lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́ ẹ máa rí i pé ó ti ṣí.

Fún òkè wa, mo dín rúsúrúsú kù, mo fi àwọ̀ eérú kún un. Ẹ tún wo òkè lẹ́yìn òjò, ẹ máa rí ìlà dúdú gbọọrọ gbọọrọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀, ọ̀nà omi nìyẹn, àwọn nǹkan abẹ̀mí wẹ́wẹ́ ló ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́ di dúdú. Encre de Chine, ìyẹn yíǹkì dúdú, tí mo pò mọ́ ọtí ni mo fi ń ṣe é, ọtí ilé oògùn o, ẹ fi sodabi (ògógóró) yín sílẹ̀, mo sì ń jẹ́ kó ṣàn fúnra ẹ̀ láti orí, torí ọwọ́ èèyàn ò lè fa ìlà bí omi ṣe ń fà á. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ: ẹ rì í sí àwọ̀ eérú tó mọ́, ẹ nù ún láṣọ títí tó fi máa dà bíi pé kò sí nǹkan lára ẹ̀ mọ́, ẹ wá fi ra orí òkè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, etí etí nìkan ló máa mú. Abẹ́ gílóòbù tó máa tan tábìlì yẹn ni kẹ́ ẹ ti kùn ún, àwọ̀ tó dáa lóòrùn lè dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn tó bá wọnú ilé. Ẹsẹ̀ òkè ń fẹ́ eruku pupa díẹ̀, mo kàn jọ ilẹ̀ ìta wa ni, kò sí àwọ̀ tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Plâtre tó bá dì mọ́ abọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú omi dúdú tó kù, ẹ sá a, ẹ wọ́n ọn sí ìdí òkè. Èyí tó bó bí alùbọ́sà tó sì já bọ́ nìyẹn.