Bí irin pẹlẹbẹ ṣe ń di fẹ́ńdà mọ́tò

Ká ní èèyàn ń tún Beetle àtijọ́ kan ṣe lẹ́yìnkùlé ẹ̀ l'Adátán, l'Abẹ́òkúta, fẹ́ńdà ẹ̀, ìyẹn irin tó bo táyà, ti dógùn-ún débi pé ọwọ́ ń gbabẹ̀ kọjá, ó wá irú ẹ̀ títí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ kò rí, panẹ́bítà wá ní kó má ṣèyọnu, bọ́dì-fílà, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń pò rẹ́ sára mọ́tò tí á sì le, lòun máa fi dí i. Bọ́dì-fílà ò burú o, tó bá ti tín-ín-rín, àmọ́ tó bá ti nípọn bí ẹ̀kọ inú abọ́, gbogbo gálọ́ọ̀pù tí mọ́tò bá kó sí ni yóò máa là á díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù ni kó ra irin pẹlẹbẹ kó fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ di fẹ́ńdà. Àwọn èèyàn rò pé alágbára ló ń ṣe é, irọ́ ni. Ẹni tó mọ ibi tí irin ti pọ̀ jù àti ibi tí kò tó ló ń ṣe é.

Ẹ da igbá dé, kẹ́ ẹ fi abala ìwé ìròyìn kan bò ó. Lókè á jókòó dáadáa, àmọ́ etí ìwé nísàlẹ̀ á máa ká, á máa ṣẹ́po, torí ìwé tó wà létí ti pọ̀ ju àyè tó fẹ́ bò lọ. Ìwé ò lè ṣe nǹkan kan sí i, àmọ́ irin ní tiẹ̀ ń nà, ó sì ń súnkì. Ọ̀nà méjì ló wà nígbà náà tí irin pẹlẹbẹ fi lè dà bí igbá: kí wọ́n lu àárín ẹ̀ kó nà kó wú, tàbí kí wọ́n kó etí ẹ̀ jọ kó súnkì, kí àárín gbé ara ẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ti rí àdìrẹ oníko n'Ítòkú á ti mọ èkejì yẹn, ìdí aṣọ ni wọ́n so, àárín ló wú. Ibi tó bá nà á tín-ín-rín sí i, ibi tó bá súnkì á nípọn sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àárín ni wọ́n máa ń nà ṣáá torí òun ló rọrùn, títí irin á fi fẹ́lẹ́ tí á sì ya.

Ìwé yẹn náà ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ kí wọ́n tó gé irin rárá, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà jù. Wọ́n á fi ìwé tó le díẹ̀ bo fẹ́ńdà ẹ̀gbẹ́ kejì tó ṣì dáa, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù mú un. Ibi tí ìwé bá ti ṣẹ́po, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin máa súnkì níbí. Ibi tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n fi abẹ là á kó tó jókòó, tí ojú ibi tí wọ́n là sì yanu, ibẹ̀ ni irin máa ní láti nà. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ni wọ́n wọ̀n, tó wá jẹ́ òsì ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n yí inú ìwé síta kí wọ́n tó gé o! Irin tó ti ṣòfò torí èyí nìkan ò kéré.

Irin tó tó 0.9 mm sí 1 mm ló dáa fún mọ́tò àtijọ́. Fún ìdánrawò, ara fíríìjì tó ti bàjẹ́ tó, kí wọ́n ṣáà ha ọ̀dà kúrò. Kí wọ́n má lo páànù ìbolé níbi tí iná máa kàn, síńkì ló wà lára ẹ̀, èéfín ẹ̀ lè dá ibà síni lára. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé pẹtiróòlù rí ńkọ́? Kí wọ́n jìnnà sí i, ó lè bú.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Odó àtijọ́ tí wọn ò gúnyán nínú ẹ̀ mọ́ wúlò gan-an: wọ́n á gbé irin lé ẹnu ẹ̀, wọ́n á máa fi hámà onígi lu etí irin wọnú kòtò, irin á ṣẹ́po, wọ́n á wá máa lu ìṣẹ́po yẹn jẹ́jẹ́ kó wọ inú ara ẹ̀ dípò kó tú padà. Súnkì nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni hámà onírin àti dọ́lì, ìyẹn irin tó wúwo tí wọ́n ń fọwọ́ kejì gbé sábẹ́. Tí hámà bá bọ́ sórí dọ́lì gan-an, irin tó há sáàárín wọn á nà. Tí dọ́lì bá wà lábẹ́ ibi tó tẹ̀, tí hámà sì ń lu ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó wú á lọ sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ á gòkè, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ nà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ti kọ́ ìdajì iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ṣe ń lù ú ló ń le sí i, bíi wáyà tí wọ́n ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn tó wá kán. Wọ́n á fi iná mú un pọ́n, wọ́n á jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, á tún rọ̀. Alumíníọ̀mù ò rí bẹ́ẹ̀, kì í pọ́n kó tó yọ́, ní bíi 660°C ló ń dà sílẹ̀ lójijì. Ọṣẹ ni wọ́n ń fi pa á lára, tí ọṣẹ bá ti dúdú kí wọ́n gbé iná kúrò kíá.

Ojú máa ń tanni jẹ lórí irin, ọwọ́ ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n dijú. Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ mọ́tò, kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi iná tò ó tótótó, nǹkan bíi 2.5 cm síra, torí ojú wẹ́ẹ̀dì máa súnkì tó bá tutù, á sì fa gbogbo ara fẹ́ńdà wọ́. Hámà àti dọ́lì ni wọ́n á tún fi nà án padà.

Lópin, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín ẹ̀. Tó bá dún "pọ̀n" bí ìdérí agolo tó tún fò padà, irin ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kí wọ́n fi iná mú ojú ibì kan tó kéré bíi ojú kọ́bọ̀ pọ́n, kí wọ́n lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́ yíká, kí wọ́n wá fi àkísà tútù lé e, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.